Ẹ̀rọ Géèmù Méjì Tí Ìgbìmọ̀ Dìbò Pé Wọ́n Ga Dọ́gba

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà,
Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.

Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ohun Èlò àti Ẹ̀bùn,
Ilé Ìwòsàn Ìjọba,
Yàrá Kẹta, Àjà Kejì.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi tí ìwọ̀n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ TÍ Ẹ NÍ MO KÀN BÀJẸ́, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ TÚ Ẹ̀RỌ GÉÈMÙ MÉJÈÈJÌ SÍLẸ̀ KÍ Ó TÓ DI ỌJỌ́ KẸẸ̀Ẹ́DỌ́GBỌ̀N OṢÙ YÌÍ

1. Èmi ni káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn yín. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń bá yín kan tábìlì ìjẹun orí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá ìtilẹ̀ àwọn tó ń tiro, àti àwọn àga tí ẹ̀yin fúnra yín ń jókòó lé ṣe ìpàdé. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, n kò kàwé. Ìyàwó mi, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ló ń kọ ohun tí mo ń sọ yìí sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, ẹ mọ̀ pé ó ti bá mi mú un rọ̀ díẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

2. Ohun tó gbé mi dé iwájú yín kò ju ọwọ́ kan lọ: ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi. Wẹ́dà ni, ogójì ọdún ló fi ọwọ́ yẹn jó irin pọ̀ mọ́ irin. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì wà lórí Bẹ́ẹ̀dì Kẹsàn-án nínú wọ́ọ̀dù yín títí di òní. Dókítà ti sọ fún wa pé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, òun yóò yẹ ọwọ́ náà wò. Bí àwọn ìka bá ń yí padà sí rere, ìtọ́jú yóò tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí àyípadà, wọn yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé ibi tí ọwọ́ náà lè dé nìyẹn, wọn yóò sì gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Inú ìwé ni wọn yóò kọ ọ́ sí, mo sì ti rí ohun tí ìwé ilé ìwòsàn yìí lè fi ojú ènìyàn rí.

3. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, ẹbí méjì tí ara aláìsàn wọn yá fi ẹ̀rọ géèmù kọ̀ọ̀kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Ilé iṣẹ́ méjì tó ń bá ara wọn díje ló ṣe àwọn ẹ̀rọ náà, àwọn ẹbí méjèèjì pàápàá kì í kí ara wọn dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tí ọwọ́ wọn ti rọ, ẹni tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Nọ́ọ̀sì Ọwọ́, gbé ẹ̀rọ méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó so wọ́n mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì fi páàdì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ̀, sí ọwọ́ àwọn aláìsàn. Ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo méjèèjì kò yàtọ̀.

4. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gíga àti ìrísí ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn ẹ̀rọ náà ti rí, nítorí ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ yín kò tíì wò wọ́n. Èkíní dúdú, ó ní igun mẹ́rin, ó dúró ṣánṣán bí búlọ́ọ̀kù ìmọlé tí wọ́n gbé nàró. Àwọn aláìsàn ń pè é ní Búlọ́ọ̀kù. Ẹ wò ó láti ọ̀tún, ẹ wò ó láti òsì, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó ṣe é kò fi àkókò ṣòfò lórí ẹwà. Orí rẹ̀ nìkan ló lu wínníwínní, ibẹ̀ ló ti ń mí. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, inú rẹ̀ dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì funfun, wọ́n sì yà síta lókè bí kọ́là ẹ̀wù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá. Abìyẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kò ní igun kan pàtó tí káfíńtà lè gbé ọ̀pá ìwọ̀n tì. Òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, àárín ìyẹ́ méjèèjì ló sì ti ń mí. Bí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí Búlọ́ọ̀kù kò ju èjìká Abìyẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá rí ìyàtọ̀ yìí, dókítà ojú wà ní àjà ìsàlẹ̀, owúrọ̀ ni wọ́n ń gba nọ́ńbà.

5. Abìyẹ́ ni àbúrò mi mú ní tirẹ̀. Ẹni tó wà lórí Bẹ́ẹ̀dì Kẹwàá, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìntì, mú Búlọ́ọ̀kù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ẹ̀rọ ara wọn. Dírẹ́bà a ní, “Wẹ́dà, tìẹ yìí, ṣé ẹ̀rọ ni àbí ẹyẹ tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò?” Àbúrò mi, tí ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo lẹ́nu, dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, “Bíríkìlà ń wá tìẹ o.” Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó ti sọ láti oṣù kẹwàá nìyẹn. Inú ẹ̀rín ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejìlá, ni àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ ti kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì. Kí oṣù náà tó parí, ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ti ń ká. Wọn kò sọ fún mi. Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀.

6. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ pé ohun iyebíye kò gbọdọ̀ wà lórí tábìlì lásán, pé inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní àgádágodo ló gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ sí sítọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gééré nìyẹn lónìí. Mo gbóríyìn fún yín. Láti ọjọ́ náà, olè kankan kò tíì jí wọn, aláìsàn kankan kò sì tíì rí wọn.

7. Ẹ gbé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà fún mi. Mo mú téèpù mi, mo lọ sí sítọ́ọ̀ láti wọn ẹ̀rọ. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀, ọmọlúàbí ènìyàn, tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Bàbá Káfíńtà, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí kò bá lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yìí kò gbọdọ̀ wọlé.” Mo na àtàǹpàkò mi sí i. Ó ní àtàǹpàkò kì í ṣe orúkọ. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, nítorí àtàǹpàkò yìí kan náà ni ẹ gbà nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ pé bí kọ́bọ́ọ̀dù bá wó lu ẹnikẹ́ni, èmi ni kí wọ́n mú.

8. Dípò kí n wọ̀n wọ́n, ẹ fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí mi. Ìyàwó mi kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo rò pé awò ojú rẹ̀ ló dọ̀tí. Ẹ̀rọ kìíní: gíga, ínǹṣì méjìlá, fífẹ̀, mẹ́fà, jíjìn, mẹ́fà. Ẹ̀rọ kejì: bákan náà. Mo lọ bá akọ̀wé yín, mo ní bóyá ó ṣèèṣì. Ó ní kò ṣèèṣì rárá. Ó ní àwọn ẹbí méjèèjì ti wá bá Alága fa ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀bùn ta ló tóbi jù, ìgbìmọ̀ sì ti jókòó, wọ́n ti dìbò, márùn-ún sí méjì, pé ẹ̀bùn méjèèjì dọ́gba. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, wọ́n wọn ọ̀kan, wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ fún méjèèjì.

9. Mo mọ̀ pé ìbò a máa sọ ènìyàn di alága. N kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé ó tún lè gé ẹ̀rọ kúrú ní ínǹṣì mẹ́ta ààbọ̀, bí ojú mi ṣe wọ̀n ọ́n. Àgbàdo àti elégédé ni bàbá mi gbìn títí ó fi kú. Ó fẹ́ràn méjèèjì bákan náà. Méjèèjì ló fi tọ́ wa. Síbẹ̀, kò fi ọjọ́ kan kó elégédé sínú àká àgbàdo. Àgbàdo fẹ́ ibi tó ga, elégédé fẹ́ ibi tó tẹ́. Ó fún kálukú ní àyè tirẹ̀, kò sì sí elégédé tó wá fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ lásán ni bàbá mi, kò mọ ètò ìdìbò. Mo kí ẹni méjì tó dìbò tako ìpinnu yẹn. Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni olórí àwọn agbálẹ̀, tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu eruku orí ẹ̀rọ méjèèjì rí. Ẹ wo bí ìmọ̀ ṣe ń ba ìṣọ̀kan ìgbìmọ̀ jẹ́.

10. Ibi tí èmi náà ti jẹ̀bi nìyí, n kò sì ní fi pamọ́. Mo ti rí Abìyẹ́. Mo mọ̀ pé ìwọ̀n yín kò lè gbà á. Ìyàwó mi ní, “Bàálé mi, ẹ kàn án bó ṣe yẹ, kí ẹ dákẹ́.” Orí mi le. Mo ní rárá o, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni n ó ṣe kàn án, kí ojú tì wọ́n níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é, àyè méjì, ilẹ̀kùn méjì. N kò yẹ̀ kúrò nínú ìwọ̀n yín bí irun orí kan. Mo fi sáńpépà dán an, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ìtìjú yín ni mo ń kàn. Àṣé àbúrò mi ni mo ń kan ilẹ̀kùn mọ́.

11. Ní ọjọ́ keje oṣù kejì, wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ wá sí wọ́ọ̀dù. Búlọ́ọ̀kù wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó bá a mu. Ó wá kan Abìyẹ́. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ gbé e nàró, orí rẹ̀ kọ́ òkè. Ó dà á dùbúlẹ̀, ìdí rẹ̀ yọ síta. Ó dorí rẹ̀ kodò, bóyá ó rò pé ó kúrú láti ìsàlẹ̀. Ó gbé e ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ kan wọlé, ìyẹ́ kejì kọ̀. Mo yọ téèpù mi kí n sáré wọ̀n ọ́n níbẹ̀. Akọ̀wé yín ní gbígbé ẹ̀rọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ sínú ìwé ọjọ́ náà, wọn kò kọ wíwọ̀n. Dírẹ́bà ké láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, “Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó bà sórí igi!” Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, inú mi dùn, ohun tí mo fẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo yíjú padà, mo rí àbúrò mi. Ó ti fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí itan, ó ti tún àwọn ìka náà tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí wọ́n gbé páàdì fún òun. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi náà gbẹ.

12. Mo rò pé wọn yóò kúkú fi Búlọ́ọ̀kù tó wọlé sílẹ̀ fún wọn. Akọ̀wé yín ní ìyẹn lòdì sí ìpinnu. Ó ní ẹ̀bùn tó dọ́gba gbọ́dọ̀ wà nínú àtìmọ́lé dọ́gba. Wọ́n yọ Búlọ́ọ̀kù jáde, wọ́n sì kó méjèèjì padà sí sítọ́ọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù mi ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ń tì í pa láràárọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tíì sọnù.

13. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kan náà, ìwé yín tún dé pé iṣẹ́ mi kò kúnjú ìwọ̀n. Ẹ ní nígbà tí ẹ̀rọ méjèèjì dọ́gba, tí ọ̀kan wọlé tí èkejì kọ̀, a jẹ́ pé àyè kejì ni mo kàn kéré. Mo pe akọ̀wé yín sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé téèpù lé àyè méjèèjì lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ka nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n dọ́gba. Ó fọwọ́ lérán, ó ronú títí, ó ní, “Bàbá, àbí ooru sítọ́ọ̀ ló mú un wú?”

14. Mo ti wá ojútùú sí i. Mo ní kí n gbé àyè kejì ga. Ẹ ní ilẹ̀kùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo ní kí n gbé méjèèjì ga. Ẹ ní Búlọ́ọ̀kù yóò wá dà bí ọmọdé tó wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀, pé àwọn tó fi ṣe ẹ̀bùn yóò sọ pé ẹ fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú yín tilẹ̀ bi mí bóyá n kò lè fi ayùn bá wọn rẹ́ ìyẹ́ Abìyẹ́ díẹ̀. Ayùn wà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá mi, ó sì mú. Mi ò kàn tíì rí ohun tí ẹ̀rọ náà fi ṣẹ̀ mí.

15. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọwọ́ náà ti rí báyìí. Ìka kejì kò ká mọ́. Àtàǹpàkò ṣì ń mira, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Nọ́ọ̀sì Ọwọ́ fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kí ó máa fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bọ́ọ̀lù ò lẹ́nu. Kò lè bú mi.” Dírẹ́bà náà kò rí nǹkan kan bú mọ́. Àwọn méjèèjì kàn dùbúlẹ̀, wọ́n ń wo fáànù òkè tó ń yí.

16. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì jáde fún wákàtí kan péré nínú ọ̀sẹ̀ yìí kí n wọ̀n wọ́n: gíga wọn, ibi tí ìyẹ́ ti fẹ̀ jù, àti ibi tí kálukú ti ń mí, nítorí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ mí yóò pa á ni. Ìyàwó mi yóò bá mi wá, yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́. N ó gbé àyè méjèèjì ga dọ́gba, ilẹ̀kùn wọn yóò dọ́gba. Ní ti Búlọ́ọ̀kù, n ó kan àpótí kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, n ó kùn ún ní dúdú, kí orí òun àti ti Abìyẹ́ lè bá ara wọn mu, kí ẹbí kankan má sì rí ohun tó máa fi bá yín jà. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kan igi. N kò tíì kan àpótí fún ẹ̀rọ rí kí ojú má baà tì í. N ó kàn án, n ó sì kàn án dáadáa.

17. Títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, ẹ jẹ́ kí Nọ́ọ̀sì Ọwọ́ gbé wọn sórí tábìlì rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Èmi yóò jókòó tì wọ́n. Èmi ni n ó gbé wọn padà fún olùtọ́jú sítọ́ọ̀ lójoojúmọ́. Bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, ẹ mú mi.

18. Bí àwọn ẹbí méjèèjì bá wá, tí wọ́n sì bi mí, n ó sọ fún wọn níwájú yín pé ẹ̀rọ méjèèjì ga dọ́gba. N kò tíì purọ́ ìwọ̀n rí láti ọjọ́ tí mo ti mú téèpù, ìyàwó mi sì ti dá kálámù dúró báyìí, ó ń wò mí. Mo ní kí ó kọ ọ́. Ẹ lè fi sínú ìwé yín pé Káfíńtà gbà, pé òun ló ṣìṣe, pé àyè kejì ló kàn kéré. N kò ní jiyàn mọ́.

19. Ẹ̀fẹ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ọwọ́ méjì ni àbúrò mi ní. Ọ̀kan ń jẹun, ọ̀kan ń sùn. Ọjọ́ méjìlá ló kù kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ fẹ́ kí nǹkan méjì dọ́gba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọwọ́ yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tó ń retí ìdáhùn yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí,

Káfíńtà,
Ẹ̀gbọ́n Aláìsàn Bẹ́ẹ̀dì Kẹsàn-án.